Sálúbàtà Ẹsẹ̀ Kan

Ní Ọjọ́bọ̀, ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní Ìjọ́kà,
a jókòó lórí bẹ́ǹṣì gígùn,
ọmọ ń ké lọ́tùn-ún, ọmọ ń ké lósì,
òjò ń lu páànù bí ẹni ń da èkùrọ́ sílẹ̀.
Abẹ́rẹ́ àjẹsára kò tíì dé. Nọ́ọ̀sì ní ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ láti Alágbàkà
ti dẹnu kọlẹ̀ lójú ọ̀nà.
Kí ni abiyamọ ń fi òjò àti ìdúró ṣe
bí kò bá ṣe ìtàn ìkúnlẹ̀?

Ìyá Fadérera ló bẹ̀rẹ̀:
"Tèmi, ọjọ́ mẹ́ta ni. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko!
Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì mo ti bú ọkọ mi, mo ti bú bàbá rẹ̀,
mo ti bú ẹni tó kọ́kọ́ dá ìgbéyàwó sílẹ̀.
Ọmọ jáde tán, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bọ́ lẹ́nu mi ni,
'Ṣé ìrẹsì kù nílé?'"
Bẹ́ǹṣì mì tìtì fún ẹ̀rín.

Mojírọ́lá, tí ọ̀já rẹ̀ ṣì ń ta òórùn aṣọ tuntun,
ní iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí òun,
ìyá ọkọ òun sì ń bi òun léèrè
ìgbà tí òun máa "fi ara òun bímọ".
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.
Màmá àgbà kan tó gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ wá fà á mọ́ra:
"Ìgè fẹsẹ̀ wáyé, a ò ní kó padà lọ forí wá.
Sọ fún un pé Yèyé Ìdànrè ló wí bẹ́ẹ̀."

Ìgbà náà ni gbogbo ojú yí sí mi,
èmi ọkùnrin kan ṣoṣo lórí bẹ́ǹṣì,
àpò ìlédìí lápá, fúláàsì omi gbígbóná lẹ́sẹ̀,
ọmọ lẹ́yìn mi, tí mo so bí ẹni di ẹrù kòkó.
"Bàbá Ọmọ, ìwọ ńkọ́? Kí lo rí?"

Mi ò rí nǹkan kan.
Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Alẹ́ ni, iná ti lọ, a gun ọ̀kadà láti Òkè-Àrò,
Mọrẹ́nikẹ́ láàárín, èmi lẹ́yìn, mo fi àyà mi ṣe ògiri fún un.
Lẹ́bàá afárá, sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ bọ́ sínú ẹrẹ̀.
Mo ní ká dúró. Ó kígbe mọ́ mi:
"Ṣé bàtà ni mo fẹ́ bí ni?"
Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu ilẹ̀kùn,
ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.
Òun ni mo dì mú
láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí tí àkùkọ fi kọ,
mo ń gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn ògiri
tí mi ò gbọ́ rí láti ọdún mẹ́fà tí a ti jọ ń sùn,
bí ìgbà tí igi ńlá ń ya kúrò lára gbòǹgbò.
Mo yí bàtà náà síwájú, mo yí i sẹ́yìn.
Ó ti jẹ lábẹ́ gìgísẹ̀, lápá kan,
níbi tó ń fi gbogbo ara tẹ̀
bó bá ń pọnmi gun òkè ilé wa.
Ọdún mẹ́fà. Èmi káfíńtà, tí mo mọ ibi tí àga ti ń jẹ,
mi ò mọ̀.

Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ dákẹ́.
Ẹ̀yin ìyá, ẹ ní ìrọbí le. Mo gbà.
Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ yẹn,
kí ohùn kejì tó ta, tín-ín-rín bí ti ọmọ ewúrẹ́,
mi ò lè fẹnu sọ bó ṣe gùn tó.

Yèyé Ìdànrè ní, "Bàtà ọ̀hún dà?"
Mo ní ó wà nínú ike ọ̀dà, lókè àjà.
Mọrẹ́nikẹ́ ní kí n jù ú nù, ẹsẹ̀ kan kì í rìn.
Lónìí, ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò ní Ọ̀bà-Ilé,
ọmú ń kún mọ́ ọn láyà,
ó ní bí wọ́n bá ti gún ọmọ kí n tẹ òun láago.

Ọkọ̀ dé. Nọ́ọ̀sì pe nọ́ńbà kẹrin.
Ọmọ mi figbe ta, èmi náà dijú pa.
Ìyá Fadérera ní, "Ẹ wojú ẹ̀,
àfi bí ẹni pé òun ni wọ́n gún."